Ẹṣin Tó Ń Wúkọ́ Lẹ́ẹ̀rùn

Kí wọ́n tó dé ilé ẹṣin ló ti rẹ̀ wọ́n. Oníkẹ̀kẹ́ wà láàárín ọ̀pá méjèèjì kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ń fà á. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń fi èjìká tì í. Kẹ̀kẹ́ náà ṣófo, síbẹ̀ ó wúwo, nítorí ẹṣin ni wọ́n kàn án fún, wọn ò kàn án fún èèyàn. Láti ìgbà tí ẹṣin wọn ti ṣubú lójú títì tí kò dìde mọ́ ni tọkọtaya yìí ti ń fi ara wọn ṣe ẹṣin, tí wọ́n ń kó búlọ́ọ̀kù lọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ti búlọ́ọ̀kù gun òkè rí.

Ìrètí ló jẹ́ kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà dání. Bí wọ́n bá ra ẹṣin, ẹṣin ni yóò fà á lọ sílé. Bí wọn ò bá rà á, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí yóò fà á.

"Ìyá wọn, a dé," ni ọkọ wí.

Obìnrin náà jókòó sórí òkúta kan lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Oníṣòwò ẹṣin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onírùngbọ̀n, fa ẹṣin pupa kan jáde. Ẹṣin dára! Àyà rẹ̀ fẹ̀, irun rẹ̀ ń dán. Oníkẹ̀kẹ́ la ẹnu rẹ̀ wo eyín, ó gbé pátákò rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n mú un sáré yí àgbàlá ká. Kò rí nǹkan kan. Àfi ìgbà tó gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ tà á, tó rí i pé owó náà ti kéré jù, ni ẹ̀rù wá bà á.

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń ta ẹṣin tí wọn kì í fi ṣeré. Ẹni tó fẹ́ tà gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹṣin, kó sọ àbùkù rẹ̀ síta kí ẹni tó fẹ́ rà gbọ́. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò bá a ṣòwò mọ́. Onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ lé ẹṣin náà, ó mí kanlẹ̀.

"Tí òjò bá ń rọ̀, kò síṣẹ́ tí ẹṣin yìí ò lè ṣe. Àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí eruku bá dìde, ikọ́ ni. Á máa wúkọ́, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ ò ní lè fi fa nǹkan kan títí òjò á fi padà. Àwọn tó rà á tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ló sú wọn."

Ọkàn Oníkẹ̀kẹ́ bàjẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an làwọn èèyàn ń kọ́lé. Ẹṣin tó ń jẹun jálẹ̀ ọdún, tó wá ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì ọdún, ìyẹn kì í ṣe ẹṣin mọ́, ó ti di àna tí a kàn ń bọ́.

"Ìyá wọn, kí lo rí sí i?"

Obìnrin náà dìde, ó rọra rìn wá, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀.

"Ṣé bí òfin yín ṣe rí nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Èyí ò burú lẹ́ẹ̀rùn. Àmọ́ tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á wú, kò ní ṣeé ká. Èmi ni mo máa ń fà á dìde lórí ẹní láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi í hàn mí, kò sẹ́ni tó gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn kó sọ fún mi."

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti là.

"Ẹ gbọ́ ná! Nígbà òjò, ẹṣin á fà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi á fà á. A bára mu gẹ́lẹ́! A máa rà á."

"Tẹ́ ẹ bá ń fà á lẹ́ẹ̀rùn," ìyàwó rẹ̀ bi í jẹ́ẹ́jẹ́, "ta ló máa wà lẹ́yìn?"

Ọkùnrin náà yíjú wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

"Tí ẹsẹ̀ yín bá wú nígbà òjò, ta ló máa da ẹṣin, ta ló máa ru búlọ́ọ̀kù? Ẹṣin ní àsìkò tiẹ̀, ẹ̀yin náà ní tiyín. Bàbá wọn, ìgbà wo ni tèmi?"

Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá rọ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó kàn béèrè bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ni.

Oníkẹ̀kẹ́ sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ tutù. Èjìká tó fi ń ti kẹ̀kẹ́ ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó bá sì ti gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, òfin ni.

"Èyí... èyí ò ní àbùkù. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ló ń rẹ̀ ẹ́, mo sì ń wò ó." Ojú tì í. Onírùngbọ̀n ń fi ọwọ́ ya gọ̀gọ̀ ẹṣin, kò wo ọ̀dọ̀ wọn.

"A máa rà á," ni Oníkẹ̀kẹ́ tún wí. "Tó bá dẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí agbára mi nìkan bá ká ni màá kó. Tí kò bá pọ̀, ká jẹ ìwọ̀nba. Ìwọ ò ní ti kẹ̀kẹ́ mọ́. Ọmọkùnrin táa bá háyà ni yóò máa bá mi ru búlọ́ọ̀kù nígbà òjò."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Mo sọ ọ́. Ọwọ́ mi ò sí lẹ́yìn rẹ nígbà yẹn."

Wọ́n so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́. Obìnrin náà, bí iṣẹ́ ṣe mọ́ ọn lára, ó gba ẹ̀yìn lọ, ó fi èjìká tì í. Ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ kúrò lẹ́jìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó ń wo kẹ̀kẹ́ tó ń lọ láìsí òun lẹ́yìn rẹ̀.

"Wá gùn ún," ni ọkọ rẹ̀ pè é.

Ó gun kẹ̀kẹ́, ó dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀ búlọ́ọ̀kù, ó sì ti sùn lọ kí wọ́n tó dé ìkòríta. Oníkẹ̀kẹ́ ń tiro lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, ó rọra di ìjánu rẹ̀ mú kó má baà sáré. Orúnkún ti ń dùn ún. Òjò ò ní pẹ́ rọ̀.