Ìwọ̀n Aṣọ Ìkẹyìn

Pínnì mẹ́ta ló wà lẹ́nu aránṣọ náà nígbà tí lọ́yà pè é. Ó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó dáhùn.

"Aago mẹ́rin òní ni adájọ́ dá fún un," ni lọ́yà wí. "Bí àbúrò yín ò bá sọ pásíwọ́ọ̀dù náà, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni. Bóyá ó mọ̀ nípa bọ́ǹbù tàbí kò mọ̀, ìyẹn ò kàn wọ́n mọ́. Kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn ti tó ẹ̀ṣẹ̀."

Ó bẹ oníbàárà tó ń wọ aṣọ wò, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ.

Kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ni iṣẹ́ àbúrò rẹ̀. Bíréèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí igbe "Bíréèkì!" tó máa ń ké mọ́ àwọn tó ń kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé bọ́ǹbù lọ sí ibùdókọ̀. Àwọn ọlọ́pàá bá nọ́ńbà Bíréèkì nínú fóònù ọkùnrin náà, wọ́n sì wá kó kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gbogbo inú rẹ̀ ni wọ́n tú, àfi fáìlì kan tó tì pa. Nọ́ńbà mẹ́fà ni fáìlì náà ń béèrè.

Ní àtìmọ́lé, tábìlì irin ló wà láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bíréèkì ti rù.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Nǹkan Màámi ni."

"Màámi tó ti kú láti ọdún méjì? Sọ nọ́ńbà yẹn fún wọn, kí o máa bọ̀ nílé."

"Mo sọ fún wọn pé nǹkan ìyá mi ni. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní agbésùnmọ̀mí wo ni ò ní ìyá."

"Sọ ọ́ fún èmi nígbà náà."

"Ẹ̀yin gan-an ni mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún, Àǹtí mi. Mo ti ṣèlérí."

"Ìwọ tó ń kígbe bíréèkì mọ́ gbogbo ayé, tìẹ ò ṣiṣẹ́!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ máa lọ. Àwọn oníbàárà ń dúró dè yín."

Inú bọ́ọ̀sì ló ti rántí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ara Màámi ló fi kọ́ ọ. Òun á di téèpù mú, á máa pe ìwọ̀n: àyà, ìbàdí, ìdí. Bíréèkì á jókòó sílẹ̀, á máa kọ ọ́ sínú ìwé. Méjìlélógójì, mẹ́rìndínlógójì, mẹ́rìnlélógójì. 42, 36, 44: nọ́ńbà mẹ́fà náà nìyẹn. Òun ni Bíréèkì fi ń ti fóònù àkọ́kọ́ tó ní.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó padà lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọ̀gá tẹ nọ́ńbà náà. Fáìlì ò ṣí.

Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù, ó fa ìwé ìwọ̀n yọ, ó wá ojú ìwé aṣọ tí ó rán fún Màámi kẹ́yìn. Ọwọ́ Bíréèkì ló kọ ọ́: 33, 28, 35. Ó rántí ọjọ́ náà. Màámi ò gbà láti bọ́ búláòsì wọn. Wọ́n fún apá mọ́ra. "Wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Ó sì wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ìwé náà padà lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù nígbà tí fáìlì náà ṣí.

Fọ́tò ni. Ọmú Màámi ni, ọ̀kan ṣoṣo tí jẹjẹrẹ ń jẹ lọ, láti ọjọ́ dé ọjọ́, déètì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí Bíréèkì ṣe ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sọ fún aránṣọ pé ó pa Màámi.

Ọlọ́pàá mẹ́ta ló ń wò ó. Nígbà tí ọ̀gá wọn máa fi yí ojú kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti rí i tán.

"Kò sí bọ́ǹbù níbẹ̀, Màdáámù," ni ó wí. "Ẹ má bínú."

Bíréèkì jáde pẹ̀lú okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí ìwé ìwọ̀n lábẹ́ apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì béèrè ẹni tó ṣí fáìlì náà.

"Àwọn mélòó ló wò ó?"

"Mẹ́ta."

"Ọkùnrin ni gbogbo wọn?"

Bàtà rẹ̀ tí ò ní okùn ni aránṣọ ń wò.

"Màámi ní kí ẹ má mọ̀," ni Bíréèkì wí. "Wọ́n ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ ó pa ṣọ́ọ̀bù tì, nígbà tí ọwọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ba nǹkan. Wọ́n ní kí ẹlòmíì má rí àwọn nírú ipò yẹn."

"Kí ló dé tí o ò pa fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́?"

"Mo gbìyànjú. Ọjọ́ tí wọ́n fi wà láàyè ló wà níbẹ̀." Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. "Ọdún márùn-ún yẹn, Àǹtí mi, ǹ bá ṣe é."

Ẹnu géètì ni wọ́n ti pínyà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ oníbàárà àárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, pínnì lára rẹ̀. Ó ṣí ìwé náà. Íǹṣì mẹ́sàn-án ló ti kúrò ní àyà ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì di téèpù mú. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pè é: "Àyà, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n." Ó rí Bíréèkì tó gbójú sókè kúrò nínú ìwé, tó ń wo òun, tó ń dúró kí òun sọ nǹkan.

"Kọ ọ́, jàre," ló sọ fún un lọ́jọ́ náà. "Oníbàárà ń dúró."