Omi Nínú Ẹ̀sáǹsì Mínísítà

"Dà á síbẹ̀, má bojú wẹ̀yìn," ni Victorin wí.

Fáwùmí sọ̀ garawa kalẹ̀ lórí, ó gbé e mọ́ra, ó da omi inú rẹ̀ sínú àgbá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn àgọ́ mìlíṣíà ní Igolo, létí ẹnubodè Nàìjíríà. Wọ́n ti sọ fún un pé omi ìwẹwọ́ àwọn àlejò tó ń bọ̀ lọ́la ló ń pọn. Ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀sáǹsì ló ta á nímú, epo tí ọkọ̀ ń mu. Ó gbé garawa rẹ̀, ó padà sídìí kànga.

Ta ni kò mọ irú àlejò tó ń bọ̀? Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ti ẹnubodè, ọjà kò kọjá mọ́, ẹ̀sáǹsì di ohun àwátì, iná mànàmáná Àjàṣẹ́ sì ń kú, ó ń jí. Mínísítà tí òwò àti ọ̀rọ̀ iná wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló fẹ́ gba Igolo kọjá lọ sí Èkó, kí ó lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí wọ́n sì ta epo fún wa. Ìtìjú gbáà ni kí ẹni tó ń lọ tọrọ epo gbé ọkọ̀ òfìfo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kó àgbá ẹ̀sáǹsì ṣíwájú, tí wọ́n fi í sọ́wọ́ Victorin, ọ̀gá àwọn mìlíṣíà ẹnubodè, kí ọkọ̀ mínísítà lè mu àmuyó níbẹ̀.

Victorin tà á. Àwọn oníṣòwò fàyàwọ́ ló tà á fún, àwọn tó ń gba ọ̀nà igbó kó ẹrù òfin kọjá. Omi ló fi dí àlàfo.

Ẹ̀sùn fàyàwọ́ yìí kan náà ló fi pa ọkọ Fáwùmí.

Ifáṣínà kì í ṣe oníṣòwò. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ní Banigbé. Epo tán nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n sì ti bó ti fẹ́ máa rà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó gba igbó lọ sí Ìdírókò, ó gbé bídọ̀ǹ, ike ẹ̀sáǹsì ńlá kan, wálé, ó padà lọ gbé èkejì. Ibẹ̀ ni àwọn mìlíṣíà ti mú un. Nígbà tí Fáwùmí fi máa débẹ̀, ẹní ni wọ́n fi bò ó. Victorin ní ó ṣubú ni.

Ikú náà nìkan kọ́ ló ń ta Fáwùmí lọ́kàn. Victorin ní òun kò ní yọ̀ǹda òkú àfi bí opó bá dúró láàárín ìpàdé ìlú, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé ọ̀tá aráàlú ni ọkọ òun. Oòrùn ń mú, òkú sì ti ń wú. Fáwùmí wí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí ó máa pọnmi fún àgọ́ mìlíṣíà, kí ó fi wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ rẹ̀ nù. Láti ìgbà náà ló ti ń pọnmi, tó sì ń ṣọ́ Victorin bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò èkúté.

Odile, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń gbé létí títì ní Igolo. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mínísítà ń bọ̀ ni Fáwùmí gbé bídọ̀ǹ àkọ́kọ́ tó kù nílé wá síbẹ̀, ó wé e sínú aṣọ.

"Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Odile bi í.

"Wọn óò nílò ẹ̀."

"Ta ni?"

"Àwọn tó pa á."

Mínísítà dé nígbà tí oòrùn ti gòkè. Àwọn ará Igolo, Lagbé àti Banigbé tò sí etí ọ̀nà bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún wọn. Victorin ké igbe ìjọba, "Prêt pour la révolution!", pé kí wọ́n gbára dì fún ìyípadà, wọ́n dáhùn pé "La lutte continue!", ìjà ń tẹ̀síwájú, wọ́n sì ń fi ọwọ́ nu òógùn ojú. Àwọn awakọ̀ rọ epo kún ọkọ̀ láti inú àgbá. Wọ́n gbé igi ìdábùú sókè. Peugeot dúdú mínísítà ló ṣáájú. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà sí ìdábùú ti Nàìjíríà tó fi wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó kú. Àwọn tó tẹ̀lé e kú lẹ́yìn rẹ̀. Ní òdìkejì, àwọn ìjòyè Nàìjíríà ti dúró, àwọn afunfèrè ọlọ́pàá ti gbé fèrè sẹ́nu.

Awakọ̀ fa epo díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sójú oòrùn. Omi wà nísàlẹ̀, ẹ̀sáǹsì léfòó.

"Iṣẹ́ ọ̀tá nìyí," ni Victorin wí. Ó na ìka sí alárù kan. "Òun ló yí àgbá yẹn wá. Ẹ mú un."

Akọ̀wé mínísítà, ọmọ Kétu kan tó gbọ́ èdè wa dáadáa, kọjú sí àwọn èèyàn. "Bí a bá rí èyí tó mọ́, awakọ̀ á fọ inú ọkọ̀, a ó sì máa lọ. Ẹni tó bá ní in, ẹ gbé e wá. A ò ní bi yín bí ẹ ṣe rí i."

Ẹnikẹ́ni kò mira. Ìgbà náà ni Fáwùmí yọ láti ilé Odile, bídọ̀ǹ lórí. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mínísítà tó ti sọ̀ kalẹ̀, tó ń nu ọrùn.

"Ẹ ṣé, ìyá," ni akọ̀wé wí. "Orílẹ̀-èdè á rántí yín."

"Kì í ṣe tèmi. Ifáṣínà ọkọ mi ló rù ú. Ọkùnrin yìí ló sì pa á nítorí ẹ̀." Ó kọjú sí Victorin. "Kó sọ ohun tó fi ọkọ mi ṣe. Kó sọ ẹni tó ní kí n da omi sínú àgbá. Tó bá ti sọ ọ́, ẹ máa gbé epo yín lọ."

Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Mínísítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo òdìkejì.

"Sọ ọ́, kíá," ni akọ̀wé sọ fún Victorin.

Victorin sún mọ́ Fáwùmí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fáwùmí, jọ̀ọ́. Ohunkóhun tó o bá ń fẹ́. Má bà mí jẹ́."

"Lójú gbogbo wọn," ni Fáwùmí wí. "Bí mo ṣe sọ tèmi."

Victorin mi orí pé òun kò ní sọ ọ́. Fáwùmí ṣí ìdérí bídọ̀ǹ, ó fi ẹsẹ̀ taari rẹ̀. Ẹ̀sáǹsì tú jáde, ó ṣàn lórí ọ̀dà, ó ṣàn bo bàtà Victorin. Sójà kan tó ń mu sìgá yára fi itọ́ pa á.

Mínísítà padà sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ: "Poussez."

Wọ́n ti ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn alárù fi èjìká tì í, akọ̀wé sì ní kí Victorin wà láàárín wọn. Bàtà rẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹ̀sáǹsì. Ó ṣubú lórí eékún, ó dìde, ó tún ń tì. Ní òdìkejì, fèrè dún díẹ̀, ó dákẹ́, bí ẹni pé wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa fun ún. Fáwùmí rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà títí dé ìdábùú, kí ojú Victorin má baà pòórá mọ́ ọn lójú.

Rédíò sọ lẹ́yìn náà pé ìrìn àjò náà yọrí sí rere. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá mú Victorin. Wọ́n mú Fáwùmí pẹ̀lú.

Ifangni ni wọ́n ti dá ẹjọ́ wọn. Wọ́n ní Victorin ba ẹ̀sáǹsì ìjọba jẹ́, ó sì dójú ti orílẹ̀-èdè níwájú àjèjì. Fáwùmí ń retí orúkọ kan. Nígbà tí wọ́n ṣe ẹjọ́ náà tán tí kò gbọ́ ọ, ó dìde.

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Ìyẹn kò sí nínú ẹjọ́ tó wà níwájú mi," ni adájọ́ wí. "Jókòó. Tìrẹ ló kàn."

Ti Fáwùmí kò pẹ́. Bídọ̀ǹ fàyàwọ́ kan, tó tún dà nù nígbà tí ìjọba nílò rẹ̀. Wọ́n rán òun náà lẹ́wọ̀n.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà tó lè kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́. Wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́, wọ́n gbé wọn jókòó ní ìdojúkọra, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Kò síbi tí Victorin lè gbójú sí.

"Pe orúkọ ẹ̀," ni Fáwùmí wí.

Victorin wo ilẹ̀. Ọkọ̀ wọ kòtò, ó jáde. Fáwùmí tún un sọ. Ó sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kọjá oko ọ̀pẹ, ó sọ ọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ títí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn fi yí ojú kúrò. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò sì wá sílẹ̀.

Òrùlé Àjàṣẹ́ ti ń hàn nígbà tí ètè Victorin mì.

"Ifáṣínà," ló wí.

"Mi ò gbọ́," ni Fáwùmí dá a lóhùn.