Ejò Lọ́wọ́ Nínú Fídíò Omi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ọ̀pá ti ń ka omi. Ọ̀pá irin kan wà nínú adágún ilé iṣẹ́ omi, wọ́n fín ìlà ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí i lára. Láràárọ̀, bàbá á rìn dé orí ògiri adágún, á wo ibi tí omi dé lára ọ̀pá, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Kì í kọ nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ fún un pé, "Gègé lè sọ 1 di 7. Ta ni yóò sọ oókan di eéje?" Bàbá di ọ̀rọ̀ náà mú. Ẹnikẹ́ni kò tíì yí ìwé rẹ̀ rí. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kà á rí pẹ̀lú.

Lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, omi wà ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Báyìí, ó ku mẹ́rìndínlógún. Òjò kọ́ ló kọ̀ tí kò rọ̀. Ògiri adágún ló sán nísàlẹ̀, omi ń gba ibẹ̀ lọ, ojú sísán náà sì ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá dí i, omi á padà. Bí wọn kò bá dí i, adágún á di pápá. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́ omi nìkan ló lè fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni ìgbìmọ̀ ń jókòó.

Bàbá ya àwòrán mẹ́wàá, ọ̀kan fún ọdún kan, ìlà aláwọ̀ búlúù tí ń fi ibi tí omi dé hàn. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà.

"Bàbá, ìgbìmọ̀ kì í ka ìwé. Bí wọ́n bá ti rí ìwé, oorun ni. Ẹ so ó pọ̀ kó di fídíò."

"Fídíò omi tó ń lọ sílẹ̀?"

"Kó ṣáà ti máa mì. Ẹ sì yọ ọdún tó wà lórí wọn kúrò. Nọ́ńbà máa ń dẹ́rù ba alága."

Bàbá yọ ọdún kúrò. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn.

"Páítọ̀n la máa lò, Bàbá mi."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èdè tí à ń bá kọ̀ǹpútà sọ ni. Orúkọ òjòlá ni wọ́n fún un."

Ìyàwó bàbá ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná. "Mo ti ń sọ ọ́! Ejò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yín yẹn!"

Ìlà méje péré ni ọmọ náà fi ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà kò pọ̀: kó àwòrán inú àpò yìí, fi orúkọ wọn tò wọ́n, fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, so wọ́n pọ̀. "Ẹ ṣáà sọ wọ́n lórúkọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn," ni ó wí.

Bàbá sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, nítorí ẹ̀rọ kò ní àmì: ookan, eeji, eeta, títí dé eewa. Fídíò jáde. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ wò ó.

Omi bẹ̀rẹ̀ ní àárín. Ó rẹlẹ̀, ó fò sókè, ó tún wálẹ̀, ó tún gòkè, bí ọmọdé tí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, ó já wálẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan náà, ó kún dé ẹnu. Fídíò parí.

Ọ̀gá àgbà fò dìde. "Omi padà!"

"Kò padà," ni bàbá wí.

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́ lórí fóònù. "Bàbá mi, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé oókan ló ṣáájú eéjì. Ó tò wọ́n bíi orúkọ ọmọ iléèwé nínú rẹ́jísítà. Lẹ́tà A ló kọ́kọ́ dé, E tẹ̀lé e, O ló gbẹ̀yìn. Aarun ló wá síwájú. Ookan yín ló wà lẹ́yìn pátápátá."

Bàbá gbé fóònù kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti fi ń lé irọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló bímọ irọ́ sí i lọ́wọ́ yìí.

Ó fi 01 dé 10 síwájú orúkọ wọn. Fídíò mìíràn jáde, omi ń lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyẹ̀. Ọ̀gá àgbà wò ó dé ìdajì.

"Èyí ń sunkún."

"Òótọ́ ni, Ọ̀gá."

"Mi ò ní irọ́ ni. Mo ní ó ń sunkún. Mo ti pe alága pé omi padà. Ṣé kí n tún pè é pé omi ti lọ?"

Èyí tó dùn ni wọ́n fi han ìgbìmọ̀. Alága pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn tó ti sùn jí, òun náà pàtẹ́wọ́. Bàbá, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, na ọwọ́ sókè. "Omi yẹn ò..."

"Bàbá ń kí yín ni," ni ọ̀gá àgbà wí. "A gbọ́, Bàbá. Wọ́n kí yín náà."

Ìgbìmọ̀ kò sọ̀rọ̀ ògiri. Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí yóò máa tú omi sókè lẹ́nu géètì, kí àlejò lè rí i pé omi pọ̀.

Ẹ̀rọ náà tú omi fún oṣù méjì. Lóṣù kẹta, ó ń wúkọ́. Lóṣù kẹrin, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti kọ́lé sí i lẹ́nu. Lójú pópó bàbá, omi ẹ̀rọ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé korobá òfìfo síwájú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi bu omi fídíò yín sí i."

Ọdún yí po. Ìgbìmọ̀ tún ń bọ̀. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe bàbá.

"Fídíò ọjọ́sí náà ni. Ẹ fi àwòrán ọdún yìí kún un. Ẹ má fọwọ́ kan títò rẹ̀ o! Mi ò fẹ́ rí nọ́ńbà kankan lórúkọ àwòrán."

"Ọ̀rọ̀ ni kí n kọ?"

"Ọ̀rọ̀ ni!"

"Ẹ ti pàṣẹ."

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ló kù nínú adágún. Bàbá ya àwòrán kọkànlá. Ó tẹ orúkọ rẹ̀: ookanla. Ó tẹjú mọ́ ọn. Kò pe ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà kò béèrè láti wò ó, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán.

Nínú gbọ̀ngàn, omi fò sókè, ó wálẹ̀, bíi ti ọjọ́sí. Ó já wálẹ̀, ó kún dé ẹnu. Alága gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kọjá. Àwòrán kan tún yọ, omi tín-ín-rín nísàlẹ̀ bí okùn. Fídíò dúró síbẹ̀.

Ọwọ́ alága ṣì wà lókè. "Omi dà?"

"Àṣìṣe ni!" Ọ̀gá àgbà yíjú sẹ́yìn. "Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò fọwọ́ kan títò rẹ̀. Oókan ló ṣáájú. Oókànlá tẹ̀lé e."

Alága sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin ni mo bi. Omi dà?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìbéèrè yẹn rí láti ọjọ́ tó ti ń ka omi. Bàbá dìde.

"Ó ń jò. Ògiri sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbà láti dí i."

Ó jókòó.

Wọ́n fọwọ́ sí i kí oorun ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún fi ibi tí omi ti kún yẹn han òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀gá àgbà bá bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ó fajú ro.

"Bàbá, ejò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí."

"Ó lọ́wọ́ nínú, Ọ̀gá," ni bàbá wí. "Ìlà méje ni."