Éékà Méjì Tí Kò Sí

Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún àgbẹ̀ dára, Bàbá Ọlọ́kà kò ní jiyàn. Òun ló fi ń ra irúgbìn àti ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ tó máa ń wá kí wọ́n tó san owó náà ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ ti lọ sígboro, “ṣé ẹ ti jẹun” ni wọ́n ń bi í lórí fóònù, ó parí. Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ; a jẹ́ pé ìhòòhò ni bàbá yìí máa ń wà láti ìkórè kan dé èkejì.

Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ a máa fa okùn, bàbá a di ìdí rẹ̀ mú, wọn a máa pariwo nọ́ńbà síra wọn láàárín àgbàdo. Lẹ́yìn náà wọn a jókòó ní fàráńdà, wọn a mu omi, wọn a bú ìjọba díẹ̀. Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni.

Lọ́dún yìí, lẹ́tà dé: ẹ̀rọ tó ń fò lókè ni yóò máa ya fọ́tò oko. Kí àgbẹ̀ ṣáà kọ iye éékà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Bó bá bá fọ́tò mu, owó á wọlé. Bí kò bá mu, wọn yóò rán èèyàn wá wò ó.

Bàbá ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Éékà mẹ́fà ni oko rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ó kọ mẹ́jọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbá fàráńdà láràárọ̀, tó ń gbé àga méjì síta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́tò dúró. Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ àtijọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti fẹ̀yìntì. Obìnrin ẹni ogójì ọdún kan ló sọ̀kalẹ̀, bàtà rẹ̀ mọ́ ju ti ẹni tó ń lọ soko. Ó gbé fóònù dání, ó yí oko po, bàbá ń tẹ̀ lé e.

“Bàbá, éékà mẹ́fà ni mo rí.”

“Mẹ́fà ni.”

“Mẹ́jọ lẹ kọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ jókòó ná, ìyá mi, ẹ mu omi.”

Obìnrin náà jókòó sí etí àga. “Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ṣì í kọ ni. Tó bá jẹ́ àṣìṣe, kò sí wàhálà, owó yín á wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ńkọ́?”

“Ìyẹn le o. Kò ní gba nǹkan kan fọ́dún mẹ́ta. A ó sì máa wá fẹsẹ̀ wọn oko ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, títí a ó fi gbà á gbọ́.”

Bàbá wo oko rẹ̀. Láìsí owó yẹn, ìdajì oko á di igbó, òun náà á sì máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ojú tì í, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é, pé ohun tí ayé òun dà nìyí.

“Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa wá?”

“Èmi ni mo ń mójú tó agbègbè yìí.”

“Ẹ kọ ọ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni,” ni bàbá wí. Ó sì ń pe orúkọ ara rẹ̀ fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó lè kọ ọ́ dáadáa.