Fídíò Ogójì Ọjọ́

"Ọjọ́ kẹtàlélógún rèé! Mo ti gbé tèmi, ìwọ ńkọ́? Kò sí ìsinmi lónìí o!"

Àǹtí Onírin ló ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pákó ìlọṣọ, apá rẹ̀ ń dán, irin róbótó ọlọ́wọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè ní kẹ́tùbẹ́ẹ̀lì sì ń fì síwá fì sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òwú ni wọ́n fi ṣe é. Lórí ibùsùn tí fóònù náà wà, Àǹtí Onírin kejì jókòó sórí ìrọ̀rí méjì, nítorí pé ẹyọ kan kò gbà á mọ́. Ó gbé ọmọ sí ọmú, ó ń wo ti inú fóònù pẹ̀lú irú ojú tí ìyàálé fi ń wo ìyàwó tuntun.

Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Oṣù mẹ́jọ péré ló wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ Àǹtí Onírin ni kó máa kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń fi irin tún ara ṣe, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bí ìyá ọmọ tuntun bá wá sí kíláàsì pẹ̀lú ikùn tó ṣáájú rẹ̀ wọlé, Àǹtí á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọmọ lẹ bí, kì í ṣe ikùn lẹ bí." Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á sì gbé irin. Nígbà tí oyún tirẹ̀ wá pé oṣù méjì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ àfi ọkọ rẹ̀, Àǹtí rántí gbogbo ẹ̀rín wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, oorun sì dá lójú rẹ̀.

Ó ronú jìnnà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ara wọn mọ́lé fún ọjọ́ méjì gbáko, wọ́n ya ogójì fídíò. Ogójì aṣọ ló fẹ́ wọ̀. Nígbà tí aṣọ tán ní fídíò ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló ń yí síta yí sínú. Ó wá ṣètò fóònù kó máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ délé. Ọkọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ akunlé, ti fi ọ̀dà tuntun kun yàrá tí wọ́n ti ya fídíò náà fún ọmọ, láti àwọ̀ búlúù sí àwọ̀ ìyeyè. Yàrá inú fóònù yẹn gan-an kò sí láyé mọ́.

Ohun kan ni Àǹtí kò ṣírò. Bí gbogbo àdúgbò bá ń rí ikùn pẹrẹsẹ láàárọ̀, kò yẹ kí wọ́n pàdé ikùn kejì lójú títì lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún, kò tíì fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà àbájáde. Aṣọ fèrèsé wà ní títì tọ̀sán tòru. Akunlé ló gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, àwọn ìyá tó wà lórí ìlà sì ń yìn ín bí ẹni pé òun ló bí i. Òun ló ń sá aṣọ ọmọ. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, á ní ìyàwó òun ń wẹ̀, tàbí pé ó wà nídìí irin. Tí a bá ka iye ìgbà tó wẹ̀, kò sí ẹni tó mọ́ tó o ní gbogbo àdúgbò.

Abẹ́ ibùsùn ni irin wà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó fa èyí tó kéré jù jáde, kílò mẹ́rin péré, èyí tó fi ń kọ́ àwọn ìyá àgbà. Ó gbé e dé àyà. Ohun tó ṣàn wá sí kókósẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe òógùn. Ó fi aṣọ nu ilẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ti irin náà padà sábẹ́ ibùsùn bí ẹni tó ń ti ajá tó lè gé ni jẹ.

Bí fídíò òní ṣe parí, ẹnì kan kanlẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Akunlé yọjú láti ilé ìdáná, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Balùwẹ̀ tàbí irin?" ló béèrè ní jẹ́jẹ́.

"Irin. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lánàá."

Aránṣọ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé náà ni. Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àǹtí ni, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan bímọ ṣáájú rẹ̀. Láti yàrá, Àǹtí ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìṣìnà: ìyàwó òun wà nídìí irin, kì í fẹ́ kí wọ́n dí òun lọ́wọ́. Aránṣọ ní kò burú, òun á jókòó dè wọ́n, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá òun. Ó ní ìdúró gan-an ló ń ni òun lára. Àga dún. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ilé náà kò nípọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dá lára mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ láti ìjẹta. Ó sì ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan fẹ́ já bọ́ nísàlẹ̀ mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe àwọn?"

Akunlé wúkọ́. Ó ní ó jọ pé ara ló ń rántí iṣẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe rò. Wọ́n ní lọ́la la máa bọ́ sórí kílò mẹ́rìndínlógún. Mo ti yá a. Mo kàn ní kí n béèrè bóyá kí n di ikùn mi pinpin kí n tó gbé e."

Ní yàrá, ọwọ́ Àǹtí tó ń gbá ẹ̀yìn ọmọ pẹ́pẹ́ dúró. Ó mọ fídíò ọ̀la bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Aṣọ àwọ̀ àlùkò ló wọ̀ níbẹ̀, ó gbé kílò mẹ́rìndínlógún kọjá orí, ó sì ń fi ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ ohun tí òun máa pàdánù pẹ̀lú. Obìnrin mẹ́rìndínlógójì ló ti kọ orúkọ sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun ní ọjọ́ tí ogójì bá pé. Ikùn inú fóònù yẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi kọ orúkọ.

Akunlé wọlé, ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́. Ó ní òun á sọ fún aránṣọ pé kó lọ rí nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ á sì tán.

"Ẹ ti sọ fún un pé ara ló ń rántí iṣẹ́."

"Kí ni kí n wí? Ṣebí ìwọ lo ní kí n sọ pé o wà nídìí irin." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣe ìṣirò. Fídíò mẹ́tàdínlógún péré ló kù. Títí wọ́n á fi tán, ikùn á ti fà díẹ̀, aṣọ dúdú á ṣe ìyókù. "Èmi mọ iṣẹ́ mi. Ògiri tó bá lanu, ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti panu dé."

"Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ ti kun ògiri tó ń ṣẹ̀jẹ̀ rí?"

Akunlé ká ìka rẹ̀ kò. Àǹtí gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ibùsùn kó tó lè dìde. Kò pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tó fi sùn ló wà lọ́rùn rẹ̀, omi ọmú ti ya àwòrán méjì sí i láyà. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Aránṣọ gbójú sókè. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn kì í wá téèpù kó tó wọn ènìyàn. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó dé àyà, ó dé ikùn, ó dúró níbẹ̀. Kò tíì kí i.

"Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn la ti ya gbogbo fídíò yẹn," ni Àǹtí wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kan irin. Mo tọ̀ sára."

Aránṣọ ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Aṣọ aláwọ̀ ewé ọjọ́ kẹrìndínlógún."

"Kí ló ṣe é?"

"Èmi ni mo lẹ abíyá rẹ̀, nígbà tí oyún yín wà ní oṣù márùn-ún. Mi ò rí aṣọ aláwọ̀ ewé tó bá a mu, mo fi dúdú lẹ̀ ẹ́. Mo wá wo fídíò yẹn, dúdú kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wò ó. Mo ní àìsùn ló ń yí mi lójú." Ó fi ọwọ́ kan nu ọwọ́ kejì, bí ẹni tó ń wá òwú lára wọn. "Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mo bú ní òpùrọ́, Àǹtí, torí pé ẹ̀yin ò lè purọ́."

Ká ní ó bú u, ká ní ó bú ìyá tó bí i pàápàá, ì bá sàn. Àǹtí Onírin, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, dúró láàárín pálọ̀ ara rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ náà kò gùn, kò sì lẹ́wà.

"Dìde," ló sọ gbẹ̀yìn. "Ilé ìwòsàn ni. Èmi náà ń bọ̀. Wọ́n ní kí n padà wá fún àyẹ̀wò ara mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mi ò lọ."

"Ilẹ̀ ti mọ́ o, Àǹtí. Wọ́n á rí yín."

"Ó yẹ kí wọ́n rí mi."

Aago méje kò tíì lù, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ilẹ̀kùn ilé náà kọjú sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ibi tí gbogbo àdúgbò ti ń dúró de ọkọ̀. Kí wọ́n tó jáde, ó ní kí akunlé pa fídíò mẹ́tàdínlógún tó kù rẹ́. Akunlé ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tu ìyẹ́ adìyẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àǹtí gba fóònù, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì: kí ìyá ọmọ tuntun kankan má gbé irin mọ́ àfi tí nọ́ọ̀sì bá gbà á láyè, òun náà kò gbé e, ti inú fídíò yẹn kì í ṣe ara òun ti ìsìnyí. Ó fẹ́ fi àlàyé kún un. Ó wò ó, àlàyé náà ti ń dà bí ọ̀dà. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, aránṣọ di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, Àǹtí di aránṣọ mú, akunlé ń gbé ọmọ bọ̀ lẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀ rí, orí àtẹ̀gùn yìí ni Àǹtí ti máa ń sáré lọ sókè sódò nígbà ogún láàárọ̀ kó tó jẹun. Wọ́n dé ìdajì. Aránṣọ dúró, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé a lè…" Kò parí rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi dá a lóhùn.

Àǹtí Onírin rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ikùn rẹ̀ jókòó lé itan rẹ̀ bí ọmọ kejì. Ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Jókòó. Ká sinmi."

Nísàlẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ gbójú sókè láti inú fóònù rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó wo fóònù. Ó tún wò wọ́n. Àǹtí Onírin juwọ́ sí i.