Àdírẹ́ẹ̀sì Tí Ìbòjú Kò Bò

Ọdún méjì ni Jàfárù fi ń bá àwọn tó ni Ìbòjú sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìbòjú ni áàpù tí àwọn kan dáwọ́ jọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ èèyàn gba orí kọ̀ǹpútà mẹ́ta mẹ́rin kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Láti iyàrá rẹ̀ ní Ìgàndó ni Jàfárù ti ń bá wọn tún un ṣe.

"Àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá fóònù mọ̀ ti ń tán nílẹ̀," ó kọ̀wé sí wọn. "Tuntun ti dé, Ìbòjú ò sì mọ̀ ọ́n. Fóònù tó bá ń lo tuntun, ìhòòhò ló ń rìn."

Charles, olórí wọn, tí Jàfárù ò fojú kàn rí, máa ń dáhùn pé àwọn tó ń lo tuntun ò tíì pọ̀. Nígbà tó yá, Jàfárù kọ àtúnṣe náà fúnra rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Charles ní kó ṣe sùúrù. Oṣù márùn-ún kọjá.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n Jàfárù, Hamdalah, wá bá a. Iléeṣẹ́ oògùn kékeré kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní wọ́n ń pa déètì rẹ́ lára ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé tó ti kọjá àkókò, wọ́n sì ń tẹ déètì tuntun sí i. Ó ti ya fọ́tò, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á.

"Ẹ lo Ìbòjú," ni Jàfárù wí. "Wọn ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Jàfárù rántí àléébù yẹn. Ṣùgbọ́n òun ló bá iléeṣẹ́ náà to íńtánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́jọ́sí, àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni wọ́n sì ń lò.

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Hamdalah jókòó sí ibi ìjẹun iléeṣẹ́, ó so fóònù mọ́ Wáífáì wọn, ó fi fọ́tò mọ́kànlá ránṣẹ́. Ẹni tó ń bójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì rí i kedere: fóònù Hamdalah ni, ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn ló sì ń lọ. Kí àwọn oníròyìn tó dé, iléeṣẹ́ ti kó àwọn ìgò náà lọ. Ọ̀gá ní irọ́ ni fọ́tò náà. Wọ́n lé Hamdalah lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní olófòófó ni.

"O mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀?" ló bi àbúrò rẹ̀.

"Mo mọ̀. Mo rò pé kò kan ibẹ̀ ni."

"Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá dúró kí n délé ná."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún Jàfárù ká ní ó pariwo.

Jàfárù ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn oníìbòjú. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n gba àtúnṣe rẹ̀ wọlé. Charles kọ̀wé: "A dúpẹ́ gan-an. Orúkọ wo ni ká kọ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é?"

Jàfárù kà á fún Hamdalah. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ yúnífọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí wọ́n ní àfi tó bá dá a padà ní mímọ́ ni wọ́n fi máa fún un ní ìwé pé ó ti ṣiṣẹ́ rí.

"Mo rí oògùn yẹn ní kẹ́mísì kan ní Ìkòtún láàárọ̀," ni Hamdalah wí. "Ìyá kan ń rà á."

Hamdalah yí aṣọ náà padà, ó ń lọ apá kejì.