Wọ́n Pa Daddy Gabriel ní Orí Kẹta

Ọdún kẹfà rèé tí Adégbọlá, ọkọ ọmọ Mama Ìyèbíyè, ti ń kàwé di dókítà, kì í sì í ṣe dókítà tó lè gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ló ń kà, ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ fáwọn tí àjálù bá. Lójú Mama, kò ju pé ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu ìrẹsì fún ẹni tí ebi ń pa. Mọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀, ló ń ru gbogbo ẹrù ọ̀hún: nílùú òyìnbó tí wọ́n wà yìí, ó ń tọ́jú arúgbó kan ní Abbey Wood, ó tún ń sáré lọ tọ́jú òmíràn ní Woolwich.

Sátidé kan ní 2014, Adégbọlá gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ wá sí ilé ìdáná Mama ní South Thamesmead. Mama ni orí kẹta ìwé náà dá lé: bí omíyalé ṣe lé wọn kúrò nílé n'Ìbàdàn ní 1980, tí wọ́n ń sùn ní kíláàsì ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti sọ ìtàn náà sínú rẹ́kọ́dà fún un lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, Mama wé gèlè, ó kun àtíkè, bíi pé rẹ́kọ́dà lójú. Títí dòní, bó bá rántí, á fi ara ẹ̀ rẹ́rìn-ín: àgbà òmùgọ̀!

"Mummy, yunifásítì ní kẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ sáìn pé ẹ fọwọ́ sí i. Mọ́ńdè ni mo máa kó o fún wọn. Bẹ́ ẹ ò bá sáìn, orí kẹta ti lọ nìyẹn, ó di ọdún kan sí i."

Mama wọ awò ojú. Kò tíì ka ìlà kẹta tó fi pariwo.

"Taa ni Felicia?"

"Ẹ̀yin ni, ma. Wọn ò gbọ́dọ̀ dá yín mọ̀, mo wá yí nǹkan díẹ̀ padà."

"Díẹ̀! 'Felicia, opó tí kò ní olùrànlọ́wọ́, jókòó, ó ń retí ìrànwọ́.' Opó? Adégbọlá, o pa ọkọ mi?"

"Ọ̀nà ìwádìí ni, ma."

"Ọ̀nà ìwádìí ló pa á! Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù! Dìde, lọ kà á sí i létí."

Daddy Gabriel, ọkọ Mama, wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ó ń jẹ ẹ̀pà. Adégbọlá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Bàbá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀.

"Irú ikú wo ló pa mí?"

"Mi ò... mi ò kọ ìyẹn, sir."

"O pa mí, o ò mọ ohun tó pa mí. Ọdún mẹ́fà!"

Mama, tó ti tẹ̀ lé e dé pálọ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Ibẹ̀ ni Mọ́wùnmí ti wọlé nínú aṣọ iṣẹ́, ó wó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú kún bàtà. Wọ́n ro ẹjọ́ fún un.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sáìn ín. Ó ti rẹ̀ mí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Mama. Ọdún kan sí i? Ẹsẹ̀ wo ni ọmọ ọ̀hún máa fi rìn ín?

"Adégbọlá, mú bírò. Pa 'opó' rẹ́."

Ó pa á rẹ́.

"'Felicia', fi ìyẹn sílẹ̀. Olófòófó kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n mo gbà. 'Jókòó' ńkọ́? Níbo ni mo jókòó sí? Wọ́n kó ìrẹsì wá, kò sẹ́ni tó bi wá níbi tá a máa yà á sí. Igba ènìyàn, ilé ìgbẹ́ kan, ó kún dé ẹnu! Ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo yá ọkọ́, tí mo kó àwọn obìnrin jọ pé ká gbẹ́ ṣáláńgá. Ọkọ mi ń gbẹ́, àwa ń kó yẹ̀pẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ, ó dà?"

"Mummy, iyì ọmọ ènìyàn ni orí yẹn dá lé."

"Iyì! Lọ yàgbẹ́ lójú igba ènìyàn ná, kó o tó wá kọ́ mi níyì. Kọ ọ́!"

Ó kọ ọ́.

"Báwo ló ṣe jìn tó, ma?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ."

Ó kọ mẹ́jọ. Mama gba bírò, ó tẹ̀ síwájú láti sáìn.

"Mẹ́sàn-án ni," Daddy Gabriel wí, kò gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù. "Èmi ni mo wà nínú kòtò."

Mama dá bírò padà. "Ẹ tún un kọ, Dókítà."